Ọjà Ọjọ́ Kẹsàn-án

Inú ṣì ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ̀rọ̀ yìí. Inú ń bí mi sí ọ̀gá mi ìgbà náà, inú ń bí mi sí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi, ṣùgbọ́n ẹni tí inú mi ń bí sí jù ni obìnrin kan tó ń gbé Ìtamàga, tó kàwé dáadáa, tó rò pé òun gbọ́ Yorùbá. Èmi ni obìnrin náà.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ọjọ́. Iléeṣẹ́ wa wà láàárín àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú. A ń rọ irin, a ń kọ́lé, a sì ń gbé irin tí a bá rọ lọ tò síbi tí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa bá fẹ́ ẹ sí. Plánà ni wọ́n ń pè mí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, èmi ni n ó gé e sí wẹ́wẹ́, tí n ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀: ọjọ́ tí wọn yóò gbẹ́ ilẹ̀, ọjọ́ tí wọn yóò di irin, ọjọ́ tí wọn yóò da kọnkéré. N ó tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé gbọọrọ kan, n ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Iṣẹ́ tó bá ń lọ déédéé, n ó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Èyí tó bá pẹ́, n ó kùn ún ní pupa. Òfin iléeṣẹ́ wa ni pé fóòmàn tó bá gba pupa mẹ́ta lórí iṣẹ́ kan, kí ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ máa lọ sílé.

Mo fẹ́ràn ìwé yẹn, mi ò ní purọ́. Bí mo bá dúró níwájú rẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé èmi ni mo ni ọjọ́.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ yìí jẹ́ ti Èjìnrìn, létí ọ̀sà. Wọ́n ní kí a kọ́ ilé kan tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja yóò ti máa yan ẹja, kí èéfín má baà fọ́ wọn lójú mọ́. A ó da kọnkéré sílẹ̀ kó di pèpéle, a ó sì gbé irin tí a ti rọ ní Ìkòròdú lọ tò lé e lórí. Iṣẹ́ kékeré ni. Ohun kan ṣoṣo ló le níbẹ̀: ojú ọ̀nà tó lọ sétí omi ni wọ́n ń ná ọjà wọn sí. Bí ọjà bá ti kún, ọkọ̀ ńlá kò lè kọjá.

Fóòmàn tó wà lórí iṣẹ́ náà jẹ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, àgbàlagbà ni wọ́n, ìdílé apẹja ni wọ́n sì ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ bíríkìlà ni wọ́n yàn. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kí a tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, Bàbá ti lọ bá ìyálọ́jà Èjìnrìn, wọ́n sì fi orúkọ ara wọn dúró pé ọkọ̀ iléeṣẹ́ wa kankan kò ní já wọ ọjà lọ́jọ́ ọjà. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ṣe fún wa láyè. Kì í ṣe nítorí lẹ́tà wa, kì í ṣe nítorí òǹtẹ̀ wa. Orúkọ Bàbá ni wọ́n gbà.

Bàbá ló sọ mí ní Àǹtí Ọlọ́jọ́. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, wọn óò ní, "Àǹtí Ọlọ́jọ́, ẹ káàárọ̀ o. Ọjọ́ wo lẹ fún wa lónìí?" A ó jọ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fẹ́ ṣètò iṣẹ́ náà, mo pè wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó mélòó ni wọ́n ń ná ọjà yẹn?"

"Ọjọ́ kẹsàn-án kẹsàn-án ni, Àǹtí. Wọ́n tiẹ̀ ń ná an lọ́wọ́ báyìí. Ṣé ẹ ò gbọ́ ariwo wọn ni?"

Mo wo kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ Ajé ni. Mo tẹ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé òní ni ọjà, kí ó máa fi ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án kún un, kí ó má sì jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kankan sí ọjọ́ tó bá já sí. Kọ̀ǹpútà ṣe bí mo ṣe wí. Ó fi ọjà kejì sí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó fi ẹ̀kẹta sí ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta, ó fi ẹ̀kẹrin sí ọjọ́ Àìkú tó parí ọ̀sẹ̀ kẹrin. Mo wá fi dída kọnkéré sí Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ṣáájú ọjà. Kò gbà mí ní àkókò rárá. Tíì mi kò tíì tutù tí mo fi ṣe é tán.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, mo pe Bàbá láti béèrè ibi tí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dé. Wọ́n ní àwọn kò ṣiṣẹ́.

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Ọjà ni lónìí, Àǹtí. Ta ló máa gbẹ́ ilẹ̀ lọ́jọ́ ọjà?"

Mo ní, "Bàbá, ọ̀la ni ọjà. Ó wà níwájú mi níbí."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé Ìkòròdú lẹ ti wá ń ná ọjà Èjìnrìn ni?"

Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo kùn wọ́n ní pupa. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi, ó ní, "Ọjà kẹ̀! Lónìí ọjà, lọ́la òkú, lọ́túnla ọdún. Àwọn ará etí omi yẹn, ọ̀lẹ ni wọ́n." Ẹ óò rí i pé mi ò fi "wọ́n" pe ọ̀gá mi. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, mo sì kúnlẹ̀ kí i títí di ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé tèmi yìí, "ó" ló máa jẹ́.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta, ó tún ṣẹlẹ̀. Bàbá kò ṣiṣẹ́, wọ́n ní ọjà ni. Ìwé mi sì ní ọjà di ọjọ́ Ẹtì. Mo kùn wọ́n ní pupa kejì, mo sì fi ohùn tí kò dùn sọ fún wọn pé ìkan péré ló kù. Wọ́n ní, "Ó dáa, Àǹtí." Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì dé, mo ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ torí ọjà. Wọn kò bá mi jiyàn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mọ́sáláṣí ni wọ́n ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe mi ṣe rí ibi sá pamọ́ sí.

Kí ló dé tí mi ò bi wọ́n léèrè? Ìbéèrè yẹn ló máa ń mú kí n fi ọwọ́ lu tábìlì bí mo bá dá jókòó. Ẹni tó wà létí ọjà ní òun ń fojú rí ọjà, èmi tó wà ní Ìkòròdú ní irọ́ ni, ìwé mi kò sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ṣùgbọ́n kí la ó pe ọmọ onílé tó ń ṣe bí àlejò?

Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kọnkéré, Bàbá pè mí fúnra wọn. Wọn kò pè mí ní Àǹtí Ọlọ́jọ́. Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ má gbé kọnkéré wá lọ́la o. Ọjà ni lọ́la. Mo bẹ̀ yín, mo ti fi orúkọ dúró."

Mo lọ bá ọ̀gá mi. Ó ń jẹ ẹ̀pà. Kò gbé ojú sókè.

"Kí ni ìwé wí?"

"Ìwé ní ọjọ́ Àìkú ni ọjà, sà."

"Ta ló kọ ìwé náà?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o mọ iṣẹ́ rẹ àbí o ò mọ̀ ọ́n?"

Ẹ wò ó, ìbéèrè yẹn ló dè mí mọ́lẹ̀. Bí mo bá ní mi ò mọ̀, mo ti tú ara mi fó. Bí mo bá ní mo mọ̀, ọkọ̀ yóò lọ. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà." Ó ní, "Kí ọkọ̀ máa lọ. Mi ò fẹ́ sítórì."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀ kékeré iléeṣẹ́, mo tẹ̀ lé ọkọ̀ tí ń po kọnkéré láti Ìkòròdú. A gba Ìtòikin kọjá, ikùn ọkọ̀ ńlá náà ń yí, èmi sì ń fọkàn ka bí iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò ṣe lọ. Ìgbà tí a yà sí ọ̀nà Èjìnrìn ni mo kọ́kọ́ rí obìnrin kan tó gbé agbọ̀n lérí. Lẹ́yìn náà mo rí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà mi ò lè kà wọ́n mọ́.

Ọjà kún fọ́fọ́. Ẹ̀gẹ́ àti gàrí wà lọ́tùn-ún, ẹja wà lósì, àwọn ìyá Ìlàjẹ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹja wá láti abúlé wọn ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú abọ́ lórí. Ọkọ̀ wa tẹ fèrè títí, kò sí ẹni tó lè sún. Ibo ni wọn yóò sún sí? Oòrùn mú. Awakọ̀ wò ó títí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Màdáàmù, bí nǹkan yìí bá gan sínú ikùn ọkọ̀, ọkọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn o." Mo pe ọ̀gá mi. Kò gbé e. Mo tún pè é. Kò gbé e. Awakọ̀ ní òun ò lè dúró mọ́. Ó fẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó sì da gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lẹ́nu ibi tí àwọn ẹlẹ́ja ń gbà gòkè láti etí omi. Ó ń dà wálẹ̀, ó ki bí àṣáró tó pẹ́ lórí iná, ó ń ga sí i, títí ó fi dí ẹnu ọ̀nà náà.

Ariwo sọ. Kò sí ẹni tó bá mi wí, torí kò sí ẹni tó mọ̀ mí. Bàbá ni wọ́n yí ká. "Ṣé ìwọ kọ́ lo fi orúkọ dúró? Ṣé orúkọ rẹ náà nìyẹn?" Àwọn ọmọ tí Bàbá lè bí ló ń na ìka sí wọn lójú. Ìyálọ́jà kò pariwo ní tiwọn. Wọ́n wo òkìtì kọnkéré náà, wọ́n wo Bàbá, wọ́n sì yíjú padà, wọ́n lọ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, mo sún mọ́ Bàbá. Àbí ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Bàbá, ẹ sọ fún mi pé ọjọ́ kẹsàn-án kẹsàn-án ni." Mo ń jà fún ìwé mi, kọnkéré ń gan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Bàbá yíjú sí mi. Wọ́n ní, "Ṣé o ti bímọ?"

Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fi "o" bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ti bí ọ̀kan.

"Ọjọ́ wo lo bí i?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, sà."

"Ọjọ́ kelòó lẹ sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ọjọ́ kẹjọ."

"Kí ni wọ́n ń pe ọjọ́ kẹjọ náà?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ọmọ mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bí i, ọjọ́ Ìṣẹ́gun la sọ ọ́ lórúkọ, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, torí kò sí ọmọ Yorùbá tí a ń ṣàlàyé rẹ̀ fún. A máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá ká ọmọ ìka wọn níkọ̀ọ̀kan lójú mi, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: "Òní ọ̀kan. Ọ̀la èjì. Ọ̀túnla ẹ̀ta." Ọjà tí wọ́n ná ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀. Èyí tí wọ́n ná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, Bàbá ń bẹ̀rẹ̀ láti òní. Ọjà kọ̀ọ̀kan, mo fi ọjọ́ kan ṣìnà. Pupa méjì tí mo kùn wọ́n, èmi ló yẹ kí wọ́n kùn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo kọ ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni mo ṣi ọjọ́ kà, fóòmàn sọ fún wa, a kò gbọ́. Ọ̀gá mi kà á, ó gbé gíláàsì rẹ̀ kúrò lójú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ fún àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa pé plánà wa kò mọ ọjọ́ kà. Kọ ọ́ pé fóòmàn kò jẹ́ kí iléeṣẹ́ mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ni." Mo ní, "Sà, wọ́n pè mí." Ó ní, "Ta ló gbọ́?"

Mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́, mo sì buwọ́ lù ú. Ẹnikẹ́ni kò na pàṣán sí mi. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù iṣẹ́ mi. Wọ́n kùn Bàbá ní pupa kẹta, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ.

Ohun tó dùn mí jù lẹ́yìn ìyẹn ni bí gbogbo nǹkan ṣe wá dára. Mo pa mẹ́sàn-án rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, mo tẹ mẹ́jọ síbẹ̀, ọjà sì tò rẹ́gírẹ́gí. Fóòmàn mìíràn da kọnkéré lọ́jọ́ tí kò sí ọjà. Irin dé, wọ́n tò ó. Ìwé ara ògiri di àwọ̀ ewé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀gá mi pe àwọn èèyàn wá wò ó, ó ní bí ó ṣe yẹ kí a máa bójú tó iṣẹ́ nìyí. Ó fọwọ́ lù mí léjìká. Ó ṣe mí bíi kí n fa ìwé náà ya lójú wọn, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ ṣé, sà.

Mo lọ bẹ Bàbá nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́. Wọ́n jókòó níwájú ilé, wọ́n ń tún àwọ̀n àbúrò wọn ṣe. Ẹni tó fi iṣẹ́ bíríkìlà kúrò lórí omi, mo ti dá wọn padà síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀, títí kan ìwé tí mo buwọ́ lù. Wọn kò dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ẹ dìde, Àǹtí," ni wọ́n wí. Wọ́n ti padà sí "ẹ", ó sì dùn mí ju èébú lọ. "Gbangba ni wọ́n ti bú mi. Kọ̀rọ̀ lẹ wá ń bẹ̀ mí. Mo gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Wọ́n ní àná ni wọ́n ná ọjà, kí n lọ ka èyí tó kàn fúnra mi.

Mo kà á. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fi kọ̀ǹpútà kà á. Mo fi ìka kà á nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi padà lọ sí Ìkòròdú, mo bẹ̀rẹ̀ láti àná. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo lọ sí Èjìnrìn. Òkìtì kọnkéré náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ti la ọ̀nà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn obìnrin sì pàtẹ ẹja yíyan sórí rẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn níbi tí mo ti lè rí ìyálọ́jà. Ó ní, "Ẹ kọjá Òkúta Ọlọ́jọ́ yìí, ẹ yà sósì." Mo bi í pé kí ló dé tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé kan ní Ìkòròdú ló gbé e síbẹ̀. Wọ́n ní òun ló ni ọjọ́." Ó sì bú sẹ́rìn-ín, ó fi ìwé iléèwé àlòkù di ẹja fún ẹlòmíràn.

Mo dúró níwájú ìyálọ́jà àti àwọn obìnrin tó yí wọn ká, mo gbé ohùn sókè, mo sọ pé èmi ni. Mo sọ pé Bàbá kìlọ̀ fún wa, pé orúkọ Bàbá kò bàjẹ́, tèmi ló bàjẹ́. Mo rò pé wọn yóò bú mi, mo sì ti múra sílẹ̀ láti gbà á. Mo tiẹ̀ fẹ́ kí wọ́n bú mi, kí ara lè tù mí.

Ìyálọ́jà jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, a ti mọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la ti mọ̀. Ọmọ apẹja tó ti ń ná ọjà yìí láti kékeré, ṣé ó lè ṣi ọjọ́ ọjà ni? A ti bẹ̀ ẹ́, ó ti dárí jì wá. Àwọn tí kò tíì mọ̀ wà ní Ìkòròdú. Kí lo wá ṣe níbí?"

Ìbínú tí mo ti ń bá kiri látọjọ́ yẹn, tí mo ń tú sórí ọ̀gá mi, tí mo ń tú sórí kọ̀ǹpútà, ó padà wá bá mi, ó jókòó sí mi láyà. Ibi tó rọrùn fún mi ni mo wá. Èjìnrìn kò lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ọ̀gá mi tó dé, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, mo kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ sí ọ̀gá mi, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa. Mo kọ ẹni tó ṣi ọjọ́ kà, ẹni tó kìlọ̀, ẹni tó ní kí ọkọ̀ máa lọ, àti ẹni tó buwọ́ lu irọ́. Mo ní kí wọ́n fa pupa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò lórúkọ Bàbá, kí wọ́n sì fi ìwé pè wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ kẹsàn-án. Mo fẹ́ buwọ́ lù ú. Mo dúró. Mo rántí irú ẹni tí mo ń kọ ọ́ sí, mo rántí irú ẹni tí èmi náà jẹ́, mo sì fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: Òní wà nínú rẹ̀.